Ẹja Titus Wọ́n: Ta ni Kí Ìyá Ẹlẹ́ja Dá Lẹ́bi?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja tútù ni mò ń tà n'Ìbàdàn, ó ti lé lọ́dún mọ́kànlá: Titus, kòtè, ṣáwà, pánlá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti ń rajà lọ́wọ́ mi tipẹ́, béèrè iye tí Titus jẹ́. Bí mo ṣe dá wọn lóhùn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọlọ́jà gan-an lẹ ba Nàìjíríà jẹ́, kì í ṣe ìjọba." Wọ́n ju ẹja náà padà sínú páàlì, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó dùn mí wọra. Nílé, ọkọ mi ní Bùhárí ló fà á, àbúrò rẹ̀ ní Tinúbú ni, pásítọ̀ wa ní àwọn òyìnbó tó ń yá wa lówó ni. Ta gan-an ni kí n dá lẹ́bi? Ẹ̀ẹ̀kejì, kí n má purọ́, bí mo bá gbọ́ pé dọ́là ti gbówó lórí, mo máa ń fowó lé ẹja tó ti wà nínú fìríìsà mi tẹ́lẹ̀. Ṣé olè ni mí?

Ìdáhùn

Ẹ kú ọjà o, ìyá ẹlẹ́ja, ajé á wọgbá. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn ọlọ́jà bíi tiyín ni mo sì ń bá ṣe é jù. Irú ẹjọ́ tí ẹ kó wá yìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá a níwájú mi.

Ọ̀rọ̀ ẹja ni ká kọ́kọ́ sọ. Titus kì í ṣe ẹja odò wa, ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wá láti òkèèrè. Ká ní 40 dọ́là ni wọ́n ń ta páàlì kan lọ́hùn-ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni ìjọba ní dọ́là kan jẹ́. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, páàlì náà á jẹ́ 18,400, ká tó sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti dísù tí wọ́n fi ń mú ilé yìnyín tutù. Ṣùgbọ́n ta ló rí dọ́là rà ní 460? Ẹni tó bá mọ èèyàn ni. Àwọn yòókù gba ọ̀dọ̀ abókí tó ń ṣẹ́ dọ́là lójú pópó lọ, níbi tí dọ́là kan ti wà ní nǹkan bíi 750. Páàlì yẹn ti di 30,000 nìyẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2024, dọ́là kan ti lé ní 1,800 lọ́dọ̀ abókí. 40 dọ́là yẹn náà ni, ẹja yẹn náà ni, kò sanra sí i: 72,000.

Ẹ padà wo àlàfo tó wà láàárín 460 àti 750 yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ yìí wà. Ẹni tí báńkì bá fún ní mílíọ̀nù kan dọ́là ní 460, tó sì tà á fún abókí ní 750, 290 mílíọ̀nù náírà ló jẹ níbẹ̀. Kò gbin ẹ̀gẹ́, kò gbé páàlì, kò jí ní aago mẹ́rin lọ sí ilé yìnyín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe èyí lójú gbogbo ayé, tí Báńkì Àpapọ̀ sì ń sọ fún wa pé àwọn ń dáàbò bo náírà. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú òkèèrè ta tíkẹ́ẹ̀tì gba náírà, wọn ò rí dọ́là kó lọ sílé. Emirates tilẹ̀ dáwọ́ dúró lọ́dún 2022 nítorí rẹ̀. Ọjà tí wọ́n bá fi agbára mú owó rẹ̀ wálẹ̀ kì í pọ̀, ó máa ń sá pamọ́ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí wá ló dé tí dọ́là fi wọ́n? Náírà pọ̀ jù nílẹ̀, dọ́là sì kéré jù.

Ti náírà kọ́kọ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 gbà kí báńkì náà yá ìjọba àpapọ̀ lówó, ṣùgbọ́n owó náà ò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú, kí wọ́n sì san án padà kí ọdún tó parí. Ẹ fi wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín. Ẹ ní alága lè yá díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ bí nǹkan bá há, kó dá a padà kí ẹ tó pín owó lọ́dún. Alága yá a, kò dá a padà. Ọdún kejì, ó tún yá òmíràn. Akápò ò lè sọ̀rọ̀, torí alága ló fi í síbẹ̀. Nígbà tí owó ẹgbẹ́ tán, akápò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye tí kò sí sínú ìwé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nígbà tí Bùhárí gbàjọba ní 2015, gbèsè ọ̀hún ò tíì pé tírílíọ̀nù kan náírà. Nígbà tó fi máa lọ, ó ti di nǹkan bíi tírílíọ̀nù 22.7. Godwin Emefiele ló jẹ́ gómìnà báńkì ní gbogbo àsìkò náà. Lóṣù Karùn-ún 2023, nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n gbé ìjọba sílẹ̀, ilé aṣòfin fọwọ́ sí i kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ogójì ọdún. Ọmọ tí wọn ò tíì bí máa bá wọn san nínú rẹ̀. Mo ṣì ń bá àwọn èèyàn pàdé tí wọ́n lè ka orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal lórí, tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan nípa tírílíọ̀nù 22.7 rí.

Owó tó jáde báyìí láìsí ọjà tuntun lẹ́yìn rẹ̀, kí ló ń wá lọ? Ó ń wá ìrẹsì, sìmẹ́ǹtì, Titus àti dọ́là lọ ni.

Ti dọ́là wàyí. Epo rọ̀bì ló ń mú èyí tó pọ̀ jù wá fún wa. Lọ́dún 2022, ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine mú kí àgbá epo kan kọjá 100 dọ́là. Ó yẹ ká jẹ, ká yó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lu páìpù epo ti pọ̀ débi pé lóṣù Kẹjọ ọdún náà, epo tí à ń wà lójúmọ́ ò pé mílíọ̀nù kan àgbá mọ́, nígbà tí OPEC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo, gbà wá láyè láti wa tó mílíọ̀nù 1.8. Àwọn ilé ìfọpo ìjọba ò ṣiṣẹ́ nígbà náà. A ń ta epo rọ̀bì, a sì ń fi dọ́là ra bẹntiróò padà, ìjọba tún ń san owó ìrànwọ́ lé e kó lè rọjú. Jálẹ̀ ọdún yẹn, NNPC, iléeṣẹ́ epo ìjọba, ò kó kọ́bọ̀ sínú àpò tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ń pín. Ọdún tí epo wọ́n jù ni àpò wa gbẹ jù.

A ti fowó pamọ́ rí o. Nǹkan bí 20 bílíọ̀nù dọ́là ló wà nínú àpò tí wọ́n ń kó àjẹṣẹ́kù owó epo sí ní nǹkan bí ọdún 2008. Àwọn gómìnà ní káwọn pín in, wọ́n tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ní àárín 2022, ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ jẹ́ 376,655 dọ́là. Ẹ ò ṣì mí kà o, ẹgbẹ̀rún ni, kì í ṣe mílíọ̀nù. Owó ilé kan ní Lekki lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọkọ yín sún mọ́ òótọ́ ju àbúrò rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ní kí n gbé ẹrù ẹ̀bi yìí kalẹ̀ níwájú ẹnì kan, iwájú àwọn tó yá owó kọjá òfin tí wọ́n tún ń parọ́ iye tí náírà jẹ́ ni màá gbé e sí. Ààrẹ tó béèrè, gómìnà báńkì tó fún un, àti aṣòfin tó ń gba owó oṣù láti máa ṣọ́ àwọn méjèèjì tó wá sùn lọ.

Àbúrò ọkọ yín ò kúkú purọ́. Ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, Tinúbú dúró ní Eagle Square, ó ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, bẹntiróò kúrò ní nǹkan bíi 185 sí 488 l'Ékòó. Kò tíì pé ogúnjọ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n tún fi tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀: 14 oṣù Kẹfà, dọ́là kan fò láti 471 sí 664 lójúmọ́ kan. Ohun méjèèjì ló yẹ kí ẹnì kan ṣe lọ́jọ́ kan. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba Bùhárí fi sínú ìṣúná 2023 gan-an, ìparí oṣù Kẹfà ló máa tán sí. Àmọ́ ṣé bí wọ́n ṣe ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ nìyẹn? Ọkọ̀ akérò fowó kún un lọ́jọ́ kejì, owó oṣù tó kéré jù dúró sí 30,000 títí di oṣù Keje 2024 kó tó di 70,000. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko. Ìrẹsì tí wọ́n ní káwọn ìpínlẹ̀ pín láàárín ìgbà yẹn, mélòó ló dé ọ̀dọ̀ yín? Àwọn gómìnà tí owó tí wọ́n ń gbà l'Ábùjá sì lé sí i lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ lọ, kò sẹ́ni tó ń ju ẹja sí wọn lójú.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ní oṣù Kìíní 2012, Jonathan gbìyànjú ohun kan náà, bẹntiróò di 141 láti 65. Gbogbo wa tú síta. Tinúbú wà lára àwọn tó ta kò ó. Èmi náà rìn lọ́jọ́ náà, mo kọrin títí ohùn mi fi há. Wọ́n dá a padà sí 97, a jó wálé. Bá a bá ti gbà nígbà náà, kódà díẹ̀díẹ̀, ọgbẹ́ náà ì bá má jìn tó báyìí. Mi ò lè yọ ara mi kúrò nínú ẹ̀bi yẹn.

Ti pásítọ̀ yín ò gùn. IMF àti Báńkì Àgbáyé ti ń gba ìjọba nímọ̀ràn láti yọ owó ìrànwọ́ tipẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òyìnbó kọ́ ló ní ká yá tírílíọ̀nù 22.7 lọ́dọ̀ ara wa. Lọ́dún 2005, nígbà Ọbásanjọ́, Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó yá wa lówó, dárí nǹkan bíi 18 bílíọ̀nù dọ́là jì wá. Ọrùn wa ti fúyẹ́. Àwa la tún lọ wá àjàgà mìíràn.

Ó wá ku ẹ̀yin. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é lórí tábìlì. Ẹ ní páàlì 10, ẹ rà á ní 30,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tà á ní 33,000, ẹ rí 330,000, inú yín dùn. Ẹ dé ilé yìnyín, ó ti di 40,000: páàlì 8 lowó yín ká, 10,000 ṣẹ́ kù. Ẹ tà wọ́n ní 44,000, àpapọ̀ owó ọwọ́ yín di 362,000. Ẹ padà lọ, ó ti di 50,000: páàlì 7, pẹ̀lú 12,000. Ẹ jèrè lẹ́ẹ̀mejì, ẹja yín sì dín mẹ́ta. Ojú owó lẹ ń jẹ. Bí ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe kúrò lọ́jà ní 2023 àti 2024 nìyẹn, láìsí olè kankan tó wọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó lé ẹja inú fìríìsà kì í ṣe olè. Iye tẹ́ ẹ máa fi ra òmíràn lẹ fi ń tà.

Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ẹ dúró díẹ̀. Lóṣù Kẹrin 2024, dọ́là wálẹ̀ láti 1,800 sí nǹkan bí 1,200. Àwọn wo ló já owó ọjà wọn wálẹ̀? Nígbà tó ń gòkè, ọjọ́ kan náà lẹ gbọ́, nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀, "ọjà àtijọ́ la ṣì ń tà o." Bí ẹ bá ń fi iye òmíràn tà nígbà tó wọ́n, ẹ fi iye òmíràn tà nígbà tó rọjú. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá tà ní ẹ̀dínwó, ẹ̀bi tiwọn wà lọ́tọ̀. Ó kéré sí ti Àbújá, ẹ̀bi ni síbẹ̀.

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan, ẹ fa ìlà sí i láàárín. Lápá kan, iye tẹ́ ẹ ra páàlì. Lápá kejì, iye tí wọ́n ń tà á nílé yìnyín láàárọ̀ yìí, ẹ tún un kọ lójoojúmọ́. Bí bàbá tíṣà bá padà wá, ẹ ṣí i hàn wọ́n, wọ́n á kà á, ọmọ ìwé ni wọ́n. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ò mọ̀ pé dọ́là fò, ohun tó ń bí wọn nínú nìyẹn, ẹ̀yin lẹ sì wà nítòsí ju Àbújá lọ. Ẹ gé Titus kan sí méjì bí odindi bá kọjá agbára wọn. Ẹ fi ṣáwà kan ṣe èènì. Mi ò ní kà á mọ́ ìṣirò tí mo ṣe lókè yẹn.