Ẹ Bi Mẹkáníìkì: Mọ́tò 36 Péré

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Àbúrò mi fi àwòrán mọ́tò kan hàn mí lórí fóònù, ó ní Ferrari 250 GTO ni, àti pé wọ́n ta ọ̀kan ní mílíọ̀nù 48 dọ́là. Mo ní irọ́ ni, la bá ta tẹ́tẹ́. Mọ́tò tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún! Ṣé ti ìdíje ni àbí èyí tí èèyàn ń gbé jáde? Ṣé panẹbítà tó mọṣẹ́ ò sì lè lu irú rẹ̀ ni? Èmi, láti Ṣágámù.

ÌDÁHÙN: Ẹ tètè lọ wá owó tẹ́tẹ́ yẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ní gbàǹjo kan ní Monterey, ní Kalifóníà, wọ́n ra ọ̀kan ju mílíọ̀nù 48 dọ́là lọ. Nígbà tó wà ní tuntun, bíi 18,000 dọ́là ni ní Amẹ́ríkà, Enzo Ferrari tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń pinnu ẹni tí wọ́n máa tà á fún.

Ìdíje àti ojú títì, méjèèjì ló wà fún. Èèyàn lè wà á lọ sí pápá, kó fi sáré, kó tún wà á padà sílé. Sìlíńdà 12 ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àyè inú ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 250 síísì (cc). Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Káábùrétọ̀ mẹ́fà ló ń fún un lépo. Mẹ́fà! Káábùrétọ̀ kan ṣoṣo ti mú èmi sùn sí ṣọ́ọ̀bù rí.

FIA, àwọn tó ń ṣòfin ìdíje, ní kí ilé iṣẹ́ ṣe ọkọ̀ irú kan tó 100 kó tó lè bá àwọn GT yòókù, ìyẹn ọkọ̀ ojú títì tó ṣeé fi sáré ìdíje, díje. 36 péré ni Ferrari ṣe láti 1962 sí 1964. Ẹ máa gbọ́ ọ pé ńṣe ló ń gbé ọkọ̀ kan náà káàkiri kí àwọn olùbẹ̀wò lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí Ferrari sọ ni pé kì í ṣe ọkọ̀ tuntun, pé 250 GT tó ti wà nílẹ̀ láti 1959 ni àwọn kàn pààrọ̀ báàdì rẹ̀. FIA gbà. Ọdún mẹ́ta léra ló fi gba ife-ẹ̀yẹ GT.

Báàdì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí panẹbítà ni bàbá mi. Ní ilé iṣẹ́ Sergio Scaglietti, tó ń bá Ferrari ṣe báàdì ní Modena, ní Ítálì, òòlù ni wọ́n fi ń lu alumíníọ̀mù rẹ̀. Kò sí méjì tó bára mu délẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní England, mo rí ọ̀kan ní Goodwood, pápá ìdíje ọkọ̀ kan níbẹ̀. Ihò mẹ́ta wà lókè imú rẹ̀, bíi lẹ́tà D tó dùbúlẹ̀, tí wọ́n ń dé tàbí ṣí bí ooru bá ṣe rí. Mo na ọrùn wo inú: irin lásán, àga aláṣọ búlúù, kò sí aago tó ń sọ bí ẹ ṣe ń sáré tó, èyí tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì ló gba ojú. Mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì, wọn ò dọ́gba tán. Ká ní ọmọṣẹ́ bàbá mi ló lù ú bẹ́ẹ̀, àlùtúnlù ni.

Panẹbítà tó mọṣẹ́ lè lu irú rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ kó má tà á o: ní 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Bologna, ní Ítálì, sọ pé iṣẹ́ ọnà ni ọkọ̀ náà, bí ère, pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà.