Ọjọ́ kan tó láti fi kẹ̀kẹ́ yí Arran ká, àmọ́ 56 yẹn kì í ṣe kìlómítà o

Àbúrò mi, o ní o ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ ní Glasgow lóṣù kẹjọ, o fẹ́ dá nìkan fi kẹ̀kẹ́ yí erékùṣù Arran ní Scotland ká lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣé kó o gbé kẹ̀kẹ́ tìẹ dání láti Ìbàdàn ni àbí kó o háyà níbẹ̀. Mo rí i pé ẹni mẹ́ta ti dá ẹ lóhùn pé kò le rárá, eré lásán ni. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ná? Orí fóònù ni wọ́n ti gùn ún. Èmi gùn ún ní tèmi, nígbà tí mo ń ṣe máásítà lọ́hùn-ún, Sunday kan nínú oṣù kẹfà, orúnkún òsì mi ò sì tíì gbàgbé.

Mo kà á níbì kan pé ọ̀nà tó yí erékùṣù yẹn ká jẹ́ 56. Mi ò wo ohun tó tẹ̀ lé 56 yẹn. Kìlómítà là ń kà nílé, mo ní ṣebí Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ nìyẹn, mo sì ti fi kẹ̀kẹ́ lọ Ọ̀yọ́ rí, mo jẹ àmàlà níbẹ̀ mo tún ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé Lochranza lápá àríwá, fóònù mi ní mo ti gun 22 ó lé, pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní 14 ni láti Brodick, èbúté tí mo ti gbéra. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù ló ń ṣe wèrè. Mo dúró síwájú pátákó yẹn, omi ń kán láti orí hẹ́lìmẹ́ẹ̀tì mi, mo ń ṣírò, ló bá yé mi. Máìlì ni wọ́n ń kà! Máìlì 56, kìlómítà 90 nìyẹn, díẹ̀ ló kù kéèyàn fi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Òkè kọ́ ni ìṣòro o. Èmi tí wọ́n ń pè ní ìyá oníkẹ̀kẹ́ ní Apẹ́tẹ́, tí mò ń gun òkè Mọ́kọ́lá pẹ̀lú mọ́tò tó ń fun fèrè sí mi létí. Òkè kan wà láàrin Sannox àti Lochranza, ó ga, mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mo tì í, ó tán. Atẹ́gùn ni mò ń sọ. Apá gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ibẹ̀ sábà máa ń gbà wá, ọkùnrin tó háyà kẹ̀kẹ́ fún mi sì mọ̀, kó má mọ̀ ló kù, ibẹ̀ ló ń gbé, àmọ́ òun náà ló ní kí n gba apá àríwá lọ kí n tètè fi òkè sẹ́yìn. Ọ̀mọ̀ràn! Bí mo ṣe kúrò ní Lochranza tí mo dojú kọ gúúsù báyìí, àfi bíi pé ẹnì kan gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi láyà tó ń tì mí padà. Ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, àwọn séèlì nà gbalaja sórí àpáta wọ́n ń wò mí, géà tó fúyẹ́ jù ni mo wà, kẹ̀kẹ́ ò lọ. Omi ń jáde lójú mi, atẹ́gùn ló kọ́kọ́ fà á, nígbà tó yá ó di ẹkún gidi. Mo gbójú lé ṣọ́ọ̀bù abúlé kan, mo débẹ̀ wọ́n ti tì í, Sunday. Ìpékeré àti ẹ̀pà tó ṣẹ́ kù nínú báàgì mi ni mo jẹ, àgùntàn méjì dúró tì mí bí ẹni tó ń retí tiwọn.

Torí náà gúúsù ni kíwọ kọ́kọ́ gbà, Brodick, Lamlash, Whiting Bay, Kildonan, Lagg. Ibẹ̀ ni gòkè-sọ̀kalẹ̀ pọ̀ sí, ẹsẹ̀ tí kò tíì rẹ̀ ló yẹ kó gbà á. Tó o bá wá kọjá Blackwaterfoot lápá ìwọ̀ oòrùn, tó o dojú kọ àríwá, ẹ̀yìn ni atẹ́gùn á ti máa gbé ẹ. Ṣùgbọ́n wo ojú ọjọ́ láàárọ̀ yẹn o, ó máa ń yí padà, má sì gba àwọn tó ń sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n gbọ́ tán, òjò díẹ̀ ni wọ́n ní á rọ̀ lọ́jọ́ tèmi, díẹ̀ yẹn wọ inú bàtà mi.

Oòrùn náà tún tàn mí. Nílé, aago méje ilẹ̀ ti ṣú. Lọ́hùn-ún lóṣù kẹfà, aago mẹ́wàá alẹ́ ìmọ́lẹ̀ ṣì wà, mo ń wò ó bí ẹni pé ọ̀sán ni. Ní Blackwaterfoot ni bàbá kan tó ń fa ajá ti bi mí pé ọkọ̀ ojú omi wo ni mo fẹ́ bá padà, mo sọ ọ́, ó kàn mirí. Òun ló júwe ọ̀nà àbùjá fún mi, String Road, ó la àárín erékùṣù kọjá sí Brodick. Ọ̀nà àbùjá wà látàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi! Òkè ni o, mo tì í jù bí mo ṣe gùn ún lọ. Mo dé èbúté, ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọn ò tíì tú okùn ẹ̀, ọmọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò ní àwọn ti pa géètì dé. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kù díẹ̀ kí n kúnlẹ̀. "Sorry, hen," ó sọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Adìẹ ló pè mí! Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó ṣàlàyé fún mi pé bí wọ́n ṣe ń kẹ́ obìnrin nìyẹn. Ó ń kẹ́ mi, kò ṣí géètì. Ọgọ́rin pọ́n-ùn ni mo fi sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà o. Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì láti 1972, ara wa ò rántí ẹ̀ mọ́. Ìgbà tí èèyàn ń gùn ún lọ kọ́ ló ń ṣì í, ìgbà téèyàn bá dúró ya fọ́tò tó fẹ́ tún bọ́ sójú títì ni. Mo ya fọ́tò ilé olódi àtijọ́ tó wà ní Lochranza, mo bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún wẹ́rẹ́, ọkọ̀ kan fun fèrè sí mi, ẹ̀mí mi fò lọ. Kò sì sí fọ́kánáísà lábẹ́ igi kankan, tí táyà ẹ bá jò ìwọ fúnra ẹ ni. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan tún wà tí wọ́n ń pè ní midge, ìwọ má ṣáà dúró pẹ́ níbi tí atẹ́gùn ò bá fẹ́.

Ẹ̀n-ẹ́n, kẹ̀kẹ́ tó o bèèrè. Háyà á ní Brodick, má gbé nǹkankan wọ bàálù. Dán bíréèkì wò kó o tó sanwó, kí wọ́n fún ẹ ní pọ́ńpù àti túùbù. Tí ẹ̀gbọ́n ẹ bá ní kẹ̀kẹ́, yá tiẹ̀, wọn kì í gba owó kẹ̀kẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi yẹn. Ardrossan ni ọkọ̀ ti gbéra nígbà tèmi, ó ń gbéra ní Troon náà báyìí, kó o mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tìẹ kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, má lọ lọ́jọ́ Sunday, kó o sì kọ aago ọkọ̀ ìkẹyìn sẹ́yìn ọwọ́ ẹ pẹ̀lú báírò.