Ta ló ń ṣe kí ni ní yàrá ìgbẹ̀bí?

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó ọmọ mi máa bímọ ní ọsibítù ní Ṣàgámù lóṣù tó ń bọ̀. Nígbà àkọ́bí rẹ̀, obìnrin méjì ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀: ọ̀kan ò kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì, èkejì ń lọ ó ń bọ̀, ó ń kọ̀wé. Wọ́n ní ọ̀kan jẹ́ agbẹ̀bí, èkejì nọ́ọ̀sì. Báwo ni wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́, ta sì ni ká máa bi ní nǹkan? Ìyá ọkọ, Ìkẹ́nnẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ojú lọ́nà, ìyá wa. Ẹ má wo aṣọ, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìwé-ẹ̀rí méjèèjì. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó ti wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ti pa kòkòrò ara rẹ̀, agbẹ̀bí tó fẹ́ gba ọmọ nìyẹn. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé tàbí fóònù mọ́. Gbogbo ohun tí kò lè fọwọ́ kàn, ti ẹnì kejì ni.

Kó tó dìgbà yẹn, nọ́ọ̀sì á wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀, agbẹ̀bí á máa yẹ ẹnu ilé ọmọ wò ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń gbọ́ ọkàn ọmọ ní ìṣẹ́jú 30-30, àti ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún tí ìyá bá ti ń ti ọmọ síta. Láàárín 110 sí 160 ló yẹ kó máa lù ní ìṣẹ́jú kan. Tí ìyàwó bá ti mu àgbo ìrọbí nílé, ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má bẹ̀rù ìbáwí. Àgbo mìíràn ń mú ilé ọmọ sún kì. Tí wọ́n bá tún fa omi tó ń mú ìrọbí yá sí i, ilé ọmọ lè ya.

Ìgbà tọ́mọ bá jáde gan-an niṣẹ́ wọn ń fara kọ́ra. Agbẹ̀bí á gbé ọmọ lé ikùn ìyá, á nù ún gbẹ. Nọ́ọ̀sì á pe aago sókè, á fọwọ́ tẹ ikùn wò bóyá ọmọ kejì ṣì wà níbẹ̀ (ìbejì ò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa), lẹ́yìn náà lá gún abẹ́rẹ́ oxytocin (tó ń mú ilé ọmọ sún kì), yúnìtì 10, sítan, kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Tó bá gún un nígbà tí ọmọ kejì ṣì wà nínú, ilé ọmọ á fún un mọ́ inú. Bọ́mọ ò bá ké tí kò sì mí, nọ́ọ̀sì á gbà á, á fi àpò afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó ti gbọ́dọ̀ gbé àpò náà sílẹ̀ ṣáájú. Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé kálukú rò pé ẹnì kejì ti gún abẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé, “Mo ti gún un!”

Agbẹ̀bí ló ń fa ìwọ́ jẹ́jẹ́ kí ibi ọmọ lè jáde, ọwọ́ rẹ̀ kejì á di ilé ọmọ mú lókè. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ọmọ lè yí síta. Òun náà ló ń yẹ ibi ọmọ wò bóyá ó pé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sin, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ṣáájú, ẹ má kánjú gbà á: èyí tó bá ṣẹ́kù sínú ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá tó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, 500 mílílítà, ti pọ̀ jù. Agbẹ̀bí á máa ra ikùn, nọ́ọ̀sì á fa omi sí i, á pe dókítà.

Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ṣófo ni kẹ́ ẹ máa bi. Tó bá sì dé wọ́ọ̀dù tẹ́jẹ̀ rin aṣọ, ẹ má wá ẹni tó gbẹ̀bí kiri. Nọ́ọ̀sì tó bá wà nítòsí ni kẹ́ ẹ ké pè.