Ọmọ wa ṣì mọ bọ́ọ̀lù gbá, ikọ̀ ni kì í tọ́jọ́ mọ́

Àbúrò, ìbéèrè méjì lo bi wá. Èkíní, àwọn bàbá tó ń ta ayò lọ́dọ̀ yín ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní líìgì Nàìjíríà òde òní ò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tayé Segun Odegbami tó gbá fún Shooting Stars àti Nàìjíríà, ṣé òótọ́ ni? Èkejì, ẹgbẹ́ kan ní líìgì àgbà fẹ́ gba àbúrò rẹ, ṣé kó lọ ni àbí kó dúró de ọkùnrin tó ní òun á mú un lọ òkè òkun? Mo gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì líìgì yẹn láàárín 1990 sí 2000, ẹ̀yìn lápá òsì ni wọ́n máa ń fi mí sí. Ní báyìí, àwọn ọmọ àdúgbò ni mò ń kọ́ ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òkè-Báálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún àwọn bàbá ní ẹ̀tọ́ wọn. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, abẹ́ Ọ̀yọ́ la wà, Shooting Stars ti Ìbàdàn sì ni ẹgbẹ́ wa ní Òṣogbo níbí. Ẹni tó bá lówó ọkọ̀ á lọ Ìbàdàn, ẹni tí kò ní á jókòó ti rédíò. Ní 1972 ni líìgì náà bẹ̀rẹ̀, Mighty Jets ti Jos ló kọ́kọ́ gbà á. Nígbà tó fi máa di 1976, Shooting ti gba líìgì, wọ́n tún gba African Cup Winners' Cup mọ́ ọn lọ́wọ́ Tonnerre ti Yaoundé. Rangers ti Enugu gba ife kan náà ní 1977. Ní 1980 tí a na Algeria 3-0 ní Surulere tí a fi gba ife Áfíríkà, Odegbami gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ọ̀kan, Best Ogedegbe ló ṣọ́lé, Felix Owolabi wà lápá òsì. Ọmọ Shooting ni gbogbo wọn. Agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo Áfíríkà ò rí mú, o lè wọkọ̀ láti Òṣogbo lọ wò ó n'Íbàdàn kó o sì padà sùn nílé. Ta ló lè sọ bẹ́ẹ̀ lónìí? Lórí ìyẹn, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni ibi tí wọ́n ti ń sọ pé ọmọ ìsinsìnyí ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Irọ́ ni. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí mò ń kọ́ yìí ń sáré ju bí àwa ṣe ń sáré lọ, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá a, ohun tí wọ́n wò lórí fóònù lálẹ́, wọ́n á dán an wò láàárọ̀. Bí o bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sàn jù wá lọ. Ohun tó bàjẹ́ ni pé wọn kì í jọ wà pẹ́.

Odegbami ò gbá fún ẹgbẹ́ míì rí ní líìgì yẹn títí tó fi kógbá wọlé lẹ́yìn àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà tí wọ́n pàdánù sọ́wọ́ Zamalek ti Egypt ní 1984. Christian Chukwu náà, Rangers ni tirẹ̀. Bí ẹ bá ti jọ gbá fún ọdún márùn-ún, mẹ́fà, ẹ ò tún nílò láti máa pe ara yín. Owolabi á ti gbé bọ́ọ̀lù síwájú gólì kó tó gbójú sókè, nítorí ó mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sáré bọ̀ níbẹ̀.

Wá gbọ́ tòní. Mo wà ní pápá ìṣeré Òṣogbo níbí láìpẹ́, ibi tí mo jókòó sí sún mọ́ ìlà dáadáa. Wíńgà gba bọ́ọ̀lù lápá òsì, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sáré yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, àyè ṣí sílẹ̀ gbagada. Ó ń pariwo, "Number eleven! Number eleven!" Kò mọ orúkọ rẹ̀! Àárín sáà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn méjèèjì dé, láti ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wíńgà ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a láti ọ̀nà jíjìn, bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri. Ọkùnrin kan wà níwájú mi tó ń fi fóònù gba fídíò wíńgà yìí nìkan, kò yí fóònù sí ẹlòmíì rárá. Ó yé mi. Bọ́ọ̀lù tó bá gbé fún ẹnìkejì rẹ̀ ò ní sí nínú fídíò tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Tanzania tàbí Albania.

Mi ò bá ọmọ yẹn wí, ebi ló ń lé e. Ní 1990 ni wọ́n sọ líìgì di ti àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ní 1994 Super Eagles gba ife Áfíríkà ní Tunisia, wọ́n lọ World Cup Amẹ́ríkà, ilẹ̀kùn Yúróòpù bá ṣí gbayawu. Náírà ń já wálẹ̀ lọ́wọ́ kan, owó ìta ń fa èèyàn lọ lọ́wọ́ kejì. Àwọn olówó tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ náà ò tọ́jọ́. Leventis United gòkè wá, wọ́n gba líìgì lọ́dún yẹn gan-an ní 1986, kò pẹ́ tí wọ́n fi tú u ká. Abiola Babes náà lọ. Ọwọ́ gómìnà ló wá kù tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń jẹun. Bí gómìnà bá yí, alága ẹgbẹ́ á yí, kóòṣì á yí, ìdajì agbábọ́ọ̀lù á gbé báàgì. Mo wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó oṣù tí wọ́n jẹ wá pọ̀ débi pé onílé ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, kò sẹ́ni tó rántí pé òun ní ikọ̀ mọ́.

Wo Enyimba ti Aba tó gba Champions League Áfíríkà ní 2003 tó tún gbà á ní 2004. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàdédé yọ. Wọ́n ti gba líìgì ní 2001 àti 2002, Vincent Enyeama sì wà láàárín ọ̀pá gólì nígbà méjèèjì tí wọ́n gba ife náà. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó tún gbà á. Heartland ló sún mọ́ ọn jù, ní 2009. Ní 2013, agbábọ́ọ̀lù mẹ́fà tó ń gbá líìgì nílé ni Stephen Keshi, kóòṣì Super Eagles, kó mọ́ ikọ̀ lọ ife Áfíríkà ní South Africa, Sunday Mba tó wà lára wọn ló sì gbá bọ́ọ̀lù tó fún wa ní ife Áfíríkà yẹn wọlé. Kó tó tó ọdún méjì, Oboabona ti wà ní Turkey, Mba àti Uzoenyi ní Faransé, Reuben Gabriel ní Scotland.

Èyí tó dùn mí jù ni ti August 2025, nígbà tí Sudan na ikọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń gbá líìgì nílé 4-0 ní Zanzibar. Sudan tí ogun ti da líìgì ilé wọn rú! Ṣùgbọ́n Al-Hilal àti Al-Merrikh, ẹgbẹ́ ńlá méjì tí Sudan ní, ò tú ká, líìgì Mauritania ni wọ́n jọ lọ gbá ní sáà tó ṣáájú ìgbà yẹn. Wọ́n mọ ara wọn, tiwa ò mọ ara wọn.

Ohun kan wà tí àwọn bàbá yẹn máa ń fò nínú ìtàn wọn, ìyẹn ni rẹfirí. A lọ gbá ní ìlú kan tí mi ò ní í dárúkọ. Nínú bọ́ọ̀sì la ti wọ jẹ́sì, torí kóòṣì wa ní wọ́n ti da nǹkan sínú yàrá tí wọ́n fún wa. Oògùn ni o, ata ni o, mi ò wọlé lọ wò ó. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, a gbá ọ̀kan wọlé, ọmọdé gan-an mọ̀ pé kò sí ọ́fúsáìdì níbẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè, ó fagi lé e. Mo sáré bá a, inú ń bí mi burúkú, ó rọra sọ fún mi pé, "Bọ̀rọ̀dá, mo fẹ́ délé." Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn kan ti ń gun wáyà. Irú màgòmágó bẹ́ẹ̀ ló bí ìtìjú 2013, nígbà tí Plateau United Feeders na Akurba 79-0, tí Police Machine na Bubayaro 67-0, ní ìdíje àtigòkè ní ìpele ìsàlẹ̀.

Ìyẹn ti dín kù. Ẹgbẹ́ àlejò ń borí nílé onílé báyìí, bọ́ọ̀lù inú líìgì tún yá ju ti ìgbà tiwa lọ. Ẹgbẹ́ tó bá sì jẹ́ kí ikọ̀ rẹ̀ dàgbà pọ̀, èrè rẹ̀ ń hàn. Ẹ wo Remo Stars n'Íkẹ́nnẹ́. Aládàáni ló ni wọ́n, wọ́n ní pápá tiwọn, wọ́n ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ṣe ipò kejì ní 2023, wọ́n tún ṣe é ní 2024, wọn ò lé Daniel Ogunmodede, kóòṣì wọn. Ní 2025, wọ́n gbà á. Láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á ní 2000, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá kankan ò rí i gbà.

Ti àbúrò rẹ: kó lọ. Ọdún méjì láàárín àgbàlagbà á kọ́ ọ ní ohun tí èmi ò lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ sí nǹkan kan, kó wá ọmọ méjì tó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn báyìí, kì í ṣe kóòṣì, kì í ṣe akọ̀wé, kó bi wọ́n léèrè owó oṣù tí wọ́n gbà kẹ́yìn, àti iye àwọn tó gbá ní sáà tó kọjá tó ṣì wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ló máa tọ́jú rẹ̀ bó bá fara pa. Èmi ni mo fi owó ara mi tọ́jú orúnkún mi. Ní ti ọkùnrin òkè òkun, bó bá ti ní kí ìyá yín mú owó wá kí ọmọ tó kúrò nílé, ẹ má dá a lóhùn mọ́. Bí ìwé àdéhùn bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ mú un wá bá mi ní pápá nírọ̀lẹ́, ká jọ kà á.