Ṣé kí n jáwọ́ nínú yíya àwòrán búta àti ìkòkò?

Ìbéèrè: Àsàláámù àlékùn, Àáfà wa. Bẹẹrẹ ni mò ń gbé n'Íbàdàn, àwòrán ni mo sì ń yà. Tẹ́lẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè yà, àfi ìgbà tí oòrùn àárọ̀ ta sára búta ìyá mi lẹ́bàá fèrèsé. Láti ọjọ́ náà, nǹkan ilé ni mò ń yà: igbá, ọlọ, àwo tánganran, nígbà mìíràn ẹja nínú àwo. Ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo àwòrán yíyà ni haráámù. Ṣé kí n jáwọ́?

Ìdáhùn: Wa àlékùmù sàláámù, arábìnrin mi. Ẹ má jáwọ́. Ọkùnrin kan tó ń fi àwòrán yíyà jẹun ti bá Ibn Abbas, ọ̀kan lára àwọn sàhábà Ànọ́bì, sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó wà nínú ìwé hádíìsì tí Bukhari kó jọ. Ibn Abbas ní òun gbọ́ lẹ́nu Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé ẹni tó bá ya àwòrán, Ọlọ́hun yóò máa fìyà jẹ ẹ́ títí yóò fi mí ẹ̀mí sí i, kò sì ní lè ṣe é láéláé. Jìnnìjìnnì bo ọkùnrin náà, àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Ibn Abbas bá ní tó bá jẹ́ dandan ni, kó ya igi àti ohunkóhun tí kò lẹ́mìí. Búta kò lẹ́mìí, ọlọ kò lẹ́mìí. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni ẹ̀gbọ́n yín fi sọ̀rọ̀, ẹ má bínú sí i, ṣùgbọ́n kò ka hádíìsì náà dópin.

Ti ẹja ni mo rò jù. Málékà Jibril sọ fún Ànọ́bì pé kí wọ́n gé orí àwòrán tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, kó lè dà bí igi. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti mú un pé èyí tí kò lórí ti kúrò ní àwòrán ẹlẹ́mìí. Nítorí náà, ẹja tí ẹ ti gé fún ọbẹ̀, tí orí rẹ̀ kò sí ńbẹ̀, ẹ yà á. Èyí tó lórí, tó lójú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má sì gbé àwòrán kọ́ síbi tí ẹ ń kọjú sí kírun. Ànọ́bì fúnra rẹ̀ bọ́ aṣọ oníṣẹ́-ọnà kan, ó ní kí wọ́n gbé e lọ fún sàhábà kan, Abu Jahm, nítorí iṣẹ́-ọnà ara aṣọ náà gba ọkàn òun lórí ìrun.

Inú mi dùn sí ohun tí ojú yín rí lára búta yẹn. Nínú Súrà An-Nahl, ááyà 80, Ọlọ́hun ka ilé àti ohun èlò inú rẹ̀ mọ́ ìdẹ̀ra tó ṣe fún wa. Nínú Súrà Al-Mā'ūn, ó bá àwọn tó ń fi ohun èlò du ọmọnìkejì wí. Ibn Mas'ud, tí òun náà jẹ́ sàhábà, sì ní garawa àti ìkòkò tí èèyàn ń yá ara wọn ni àwọn kà sí mā'ūn, ìyẹn ohun èlò tí súrà náà ń sọ, láyé Ànọ́bì. Bí aládùúgbò bá wá yá ìkòkò tí ẹ tò sílẹ̀ láti yà, tí ẹ ò tíì ya àwòrán rẹ̀ dé ààbọ̀, ẹ gbé e fún un. Tó bá dá a padà, kí ẹ wá parí àwòrán yín.