Èsì: Ṣé fọ́tò nìkan tó láti fún aláǹtakùn tuntun lórúkọ?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kò tó. Ẹ ní aláǹtakùn tó ń fò (jumping spider) tẹ́ ẹ rí lára àpáta Olúmọ kò jọ èyí tẹ́ ẹ ti rí rí, ṣùgbọ́n àwọ̀ máa ń tan èèyàn: akọ àti abo irú kan náà lè má jọra rárá.

Ẹ̀yà ara ìbímọ làwọn onímọ̀ ń wò. Ti akọ wà lórí ọwọ́ kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ti abo wà lábẹ́ ikùn. Àfi kó ti dàgbà tán o. Ọmọ aláǹtakùn kò wúlò fún èyí.

Tẹ́ ẹ bá rí i mú, ẹ rì í sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún (ògógóró kò ṣeé gbára lé!). Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti mú un sórí bébà, kẹ́ ẹ jù ú sínú ìgò náà. Báírò á ṣí.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ World Spider Catalog wò, ìyẹn àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn aláǹtakùn àgbáyé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń fò tó ti lórúkọ ti lé ní 6,000. Ọ̀kan nínú wọn, Evarcha culicivora, tó fẹ́ràn ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó ní Kẹ́ńyà àti Uganda, ọdún 2003 ló tó gborúkọ.

Ẹ gbé ìgò náà lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹranko ní FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta), kí wọ́n bá yín fi maikirosíkópù wò ó.