Ṣé irọ́ ni ẹ̀sùn tó bá jáde lọ́jọ́ tí ipò dé?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Gómìnà fi orúkọ ọmọ àdúgbò wa ránṣẹ́ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Sẹkitéríàtì, Àgódì, pé kó ṣe kọmíṣọ́nnà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì ṣú tí ìwé ẹ̀sùn fi gba orí WhatsApp kan: pé ayédèrú ni ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀, àti pé ó fọwọ́ kan òṣìṣẹ́bìnrin kan níbi tí kò yẹ lọ́dún 2011. Èmi ò gbà á gbọ́. Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀? Àwọn onílé ní ká fọwọ́ sí ìwé pé irọ́ ni. Ṣé kí n fọwọ́ sí i? (Òǹkàwé, Bódìjà)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì fọwọ́ sí i. A ò sọ pé ọkùnrin náà jẹ̀bi o, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ń mú yín jẹ́rìí sí ohun tí ojú yín ò tó.

Ìdí tí ẹ̀sùn fi máa ń jáde lásìkò yìí ò jìnnà. Abala 192 ìwé òfin 1999 fún ilé aṣòfin ní ọjọ́ iṣẹ́ 21. Tí wọn ò bá fèsì, ó ti di kọmíṣọ́nnà nìyẹn. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí ni ọ̀tá ń wọlé, ìgbà náà sì ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní tòótọ́ ń rẹ́ni fẹjọ́ sùn. Àsìkò nìkan ò lè dá ẹjọ́ yìí.

Ti ìwé ẹ̀rí ló yá jù. Fọ́tò ìwé ẹ̀sùn náà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, wọ́n ti gé òkè rẹ̀ dànù, ibi tó yẹ kí déètì àti nọ́ńbà fáìlì wà gan-an. Kò wúlò. Kí ilé aṣòfin kọ̀wé sí rẹ́jísítírà yunifásítì náà, kí wọ́n fi orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà mátríìkì àti ọdún ìgbàwọlé wéra. Bí ọ̀rọ̀ Salisu Buhari, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá nígbà náà, ṣe parí ní 1999 nìyẹn: ó ní irọ́ ni, àfi ìgbà tí Yunifásítì Toronto ní òun ò mọ̀ ọ́n lákẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ẹ̀rí girama tó fún kọmíṣọ́nnà lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ayédèrú ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀.

Ti obìnrin náà gba sùúrù. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni iṣẹ́ àti ojútì pa lẹ́nu mọ́, nítorí náà pípẹ́ kì í ṣe àmì irọ́. Ẹ béèrè: ta ló sọ fún nígbà náà? Ṣé àwọn méjèèjì jọ wà níbi iṣẹ́ yẹn ní 2011? Ṣé ó ṣe tán láti búra ní kóòtù? Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Brett Kavanaugh ṣe adájọ́ ní Amẹ́ríkà ní 2018, obìnrin kan, Christine Blasey Ford, fẹ̀sùn ìkọlù ìbálòpọ̀ kàn án, Kavanaugh sì ní òun ò ṣe é. Àkọsílẹ̀ olùgbaninímọ̀ràn kan láti 2012 fi hàn pé obìnrin náà ti sọ̀rọ̀ ìkọlù kan kí ipò tó dé, ṣùgbọ́n orúkọ Kavanaugh ò sí nínú rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rí bá dé ni ká bá a dé.

Tí ẹ bá fẹ́ ran ọmọ àdúgbò yín lọ́wọ́, ẹ kọ ìwé tiyín: ọdún tí ẹ ti mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ tí ẹ rí i tó ṣe. Ẹ yọ "irọ́ ni" kúrò. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ilé aṣòfin, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tí ẹ máa mú padà sílé.